Igbe Kan Nínú Àwo Jáàsì

Bí ẹ bá wọ àdúgbò tí Màmá Má-dúró ń gbé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé ẹ ń wá nọ́ńbà ilé. Ẹ ṣáà dúró ní ìkóríta kí ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè kan tó ń sunkún, tó tún ń rẹ́rìn-ín kí omijé tó gbẹ, ẹ máa tẹ̀lé e lọ. Àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì ni yóò gbé yín gòkè, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan ni ẹ óò kàn, obìnrin kúkúrú kan tí apá rẹ̀ le koko bí apá alágbẹ̀dẹ ni yóò sì ṣílẹ̀kùn fún yín. Kò ní kí yín. Yóò na ìka kan sókè, ẹ óò sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí, títí orin náà yóò fi tán. Ìgbà náà ni yóò tó bú sẹ́rìn-ín pé, "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ò rí i bí ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kó tó di ohùn yẹn mú?"

Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fi aṣọ ibùsùn tó ṣì tutù sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ kan tó gùn tó yàrá, tó ń yí gbìrìgbìrì, tó ń tu ooru jáde bí ẹni tí inú ń bí. Ó ti mọ ìró ẹ̀rọ náà dunjú. Bí ó bá fẹ́ fi aṣọ sí i, á kọ́kọ́ mi orí, á gbé ẹsẹ̀ kan díẹ̀ nílẹ̀, á wá tì í wọlé ní àsìkò tí ìró náà bá yí padà. Ọ̀gá wọn dúró wò ó lọ́jọ́ kan títí, ó ní, "Ìwọ ìyá yìí, ṣé aṣọ lò ń lọ̀ ni àbí ijó lò ń jó?"

"Méjèèjì ni, ọ̀gá. Aṣọ tí a bá fi ijó lọ̀ kì í hunjọ."

Yàrá méjì ló ní. Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé ní ìlú mìíràn, bó bá sì ti pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló fi ń ṣí ẹnu: "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun, àbí orin lẹ tún jẹ?" Àwọn àwo orin rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n fi ń kó èso, gbogbo wọn dúró lórí ìdí bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà, ó sì fi aṣọ ibùsùn tí ilé ìwòsàn ti ta nù bò wọ́n. Jáàsì ni gbogbo wọn. Kò sí àwo mìíràn nínú ilé náà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn irú orin báyìí kò lè dá a fẹ́. Bí èèyàn bá gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè gbá lẹ́jìká, tí kò lè sọ pé "Ṣó o gbọ́ ìyẹn?", adùn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìnira. Nítorí náà ni àwọn mẹ́rin kan fi ń pàdé ní ọ̀sán gbogbo Sọ́ńdè. Màmá Má-dúró ni ọ̀kan. Ìkejì ni Káfíńtà, bàbá àgbà tó sanra, tó fi pákó bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan àpótí giramafóònù fún ara rẹ̀, tí ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde sì móoru ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ilé rẹ̀ ni ìpàdé, nítorí giramafóònù náà. Ìkẹta ni Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì kúrò nínú títún ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe. Ìkẹrin ni Dírẹ́bà, tó ń wa bọ́ọ̀sì, òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí, òun ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́.

Wọn kò ní alága, wọn kò ní akọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí orin bá ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwo pamọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tíṣà máa ń sọ pé ẹni tó ń fi àwo pamọ́ burú ju olè lọ, nítorí olè fẹ́ràn ohun tó jí, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kò fẹ́ràn èèyàn. Òfin kẹta ló ṣe pàtàkì jù: àwo tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nínú ilé kan, tí wọn kò gbọ́ ojú méjèèjì tán, kò gbọdọ̀ kúrò nínú ilé náà. Ibẹ̀ ni yóò sùn títí wọn yóò fi padà wá gbọ́ ọ tán. Òfin yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, nígbà tí Màmá Má-dúró wà ní ọmọge, ó fọ ife ní ilé ìtura ńlá kan tó ní gbọ̀ngàn orin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ olórin kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá lù níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ ká orin náà sílẹ̀ sì to ẹ̀rọ wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń fọn fèrè sasofóònù. Nígbà tó kan orin tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó sinmi, ó fọn ọ́n débi tí ọmọge náà fi jáde sí gbọ̀ngàn láìmọ̀ pé òun jáde. Bí ọkùnrin náà ti ń gbé fèrè kúrò lẹ́nu, tí ó fẹ́ kí àwọn yòókù máa bá a lọ, ọmọge náà figbe ta: "Má dúró!" Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá fèrè padà sẹ́nu. Ohun tó fọn lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́," ni Màmá máa ń fi parí ìtàn náà. "Ẹ̀dùn ọkàn kan kò sì dé bá mi."

Ìtàn yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-dúró. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí Dírẹ́bà bá ti fẹ́ẹ́ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, á yíjú sí i pé, "Màmá, ṣé kí n dúró àbí kí n má dúró?" Tíṣà ní tirẹ̀ a máa tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Màmá, kì í ṣe pé mo ní ẹ purọ́ o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àwo, wọ́n máa ń gé ariwo kúrò."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá sáyé tó ń lọ láìsí ohun kan tó yí padà nítorí pé wọ́n la ẹnu. Òun la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, orin kan sì yí padà. Bí igbe náà bá wà nínú àwo, a jẹ́ pé lóòótọ́ ló ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ó wá àwo náà títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Lọ́jọ́ tó rí i, lábẹ́ tábìlì ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àtijọ́, wọ́n kàn wé e sínú bébà pálapàla ni, kò ní àpò, ṣùgbọ́n orúkọ gbọ̀ngàn náà wà lára bébà búlúù tó wà láàárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ giramafóònù tirẹ̀ ti kán. Kò lè dúró de ọjọ́ kejì. Sọ́ńdè ni, ó sáré gbé e lọ sílé Káfíńtà. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Orin àkọ́kọ́ lọ, orin kejì bẹ̀rẹ̀, iná ọba sì lọ.

Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Iná kò dé. Òfin ni òfin: àwo náà sùn sílé Káfíńtà.

Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ Màmá padà ní ilé ìwòsàn, tí kò ráyè wá ní Sọ́ńdè fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò tíì jókòó tó fi ní, "Bàbá, ẹ gbé e jáde."

Káfíńtà wo apá ibí, ó wo apá ọ̀hún. Ó ní, "Àwo wo? Mi ò ti fi rán Dírẹ́bà sí ọ?"

"Àwo dùùrù tí ẹ yá lọ́wọ́ mi lẹ fi rán an."

"Inú bébà pálapàla ló wà."

"Bébà náà ni ẹ rán, ẹ ò rán àwo!"

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dá Káfíńtà lójú pé òun ti dá a padà. Ó dá Màmá lójú pé Káfíńtà ti tà á. Ọdún gorí ọdún. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tó fi ìpàdé sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Wọn ò kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

"Dírẹ́bà, bá mi sọ fún ìyá yẹn pé orí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ló jókòó lé."

"Màmá, Bàbá ní—"

"Mo gbọ́. Bá mi sọ fún wọn pé aṣọ tó bá bà jẹ́, ó ṣì ń wà níbi téèyàn ti lè rí i."

"Bàbá, Màmá ní—"

"Ṣé adití ni mí ni?"

Ẹsẹ̀ Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó burú débi tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà ní òpin ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ní kò sí àríyànjiyàn, bàbá òun ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ni yóò fún un. Káfíńtà lè gbé giramafóònù dání, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹgbàágbèje àwo. Ní Sọ́ńdè tí ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ wá kó o, ó ránṣẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá pín wọn.

Ọ̀sán gangan ni. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní ìta, wọ́n ti fi okùn di àwọn àga, àmì ibi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀ funfun lára ògiri. Káfíńtà jókòó sórí páálí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ o. Awakọ̀ ní òun kì í dúró."

"Orúkọ Màmá wa ló ń jẹ́ nìyẹn," ni Dírẹ́bà wí.

Wọ́n to àwọn àwo sílẹ̀, wọ́n dojú àpò wọn délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣojúkòkòrò, wọ́n sì ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà mú tirẹ̀, ó yí i padà, ojú rẹ̀ fà ro. Ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ń fọn kàkàkí lójú pópó ni wọ́n yà sára àpò náà.

"Oríire mi náà nìyí," ló wí. Ó fa àwo inú rẹ̀ jáde, ó ní kí òun kàn wò ó. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó tún un fi sójú. "Káfíńtà. Àwo ológun kọ́ nìyí. Àwo tí mo fi ọdún méjì bẹ̀ yín pé kí ẹ yá mi nìyí! Ẹ ní eku ti jẹ ẹ́!"

Káfíńtà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará," ló wí níkẹyìn, "bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là ń fi hàn. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi í pamọ́ fún níbẹ̀rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ni."

Gbogbo wọn ló mọ àbúrò ìyàwó Káfíńtà. Ó ti kú báyìí, kí ilẹ̀ fún un nísinmi, ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, Yá-mi ni wọ́n ń pè é. Ó yá agboòrùn lọ́wọ́ èèyàn nígbà òjò, ó sì fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó bá wọ ọwọ́ Yá-mi, ó di dìgbóṣe.

"Bó bá ti ń bọ̀," ni Káfíńtà wí, "èyí tó dùn jù ni mo máa ń sáré kì bọ inú àpò èyí tó burú jù. Ó wá mọ́ mi lára. Mo fẹ́ máa sọ fún yín, mo sì rántí òfin. Ojú tì mí."

"Ẹni tó ń fi àwo pamọ́ burú ju olè lọ," ni Dírẹ́bà wí, ó ń wo Tíṣà.

Tíṣà húkọ́. "Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rí báyìí," ló wí, "mo ní ọ̀kan tó wà nínú àpò orin ìsìnkú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ràn àti máa yá nǹkan."

"Tíṣà!"

"Ìwọ ńkọ́?"

Dírẹ́bà fi ọwọ́ ha orí. "Mẹ́ta péré ni tèmi."

Ẹ̀rín bú jáde, wọ́n ń na ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀daràn. Màmá Má-dúró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró. Lẹ́yìn ọdún wọ̀nyí gbogbo, ó kọjú sí Káfíńtà gan-an.

"Ọ̀sẹ̀ tí àwo mi sùn síbí, ṣé Yá-mi wá?"

Káfíńtà gbé ojú sókè. "Ó wá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó mú ìṣó méjì wá bí ẹni tó fẹ́ dá ohun tó yá padà, mo sì bẹ̀rù pé... Yéè! Inú àpò ni mo kì í bọ̀. Mo gbàgbé pátápátá. Bébà náà ni mo fi wé dùùrù rẹ."

"Àpò wo?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé mo máa jẹ́ kó o fi ọdún wọ̀nyí bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu Dírẹ́bà?"

Wọ́n dà lu àwọn àwo tó wà nílẹ̀. Wọ́n ń fà wọ́n yọ, wọ́n ń wo àárín wọn, pupa, dúdú, ewé, kò sí búlúù. Nígbà náà ni Màmá dúró, ó di ojú rẹ̀, ó sì ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde.

"Kì í ṣe ohun tí Káfíńtà kórìíra. Ohun tí Yá-mi kò jẹ́ yá ni. Kí ni Yá-mi kò jẹ́ yá láyé?"

"Ó ń yá gbogbo nǹkan," ni Tíṣà wí. "Àwo tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú adìyẹ, ó yá a."

"Ọ̀lẹ ni," ni Màmá wí. "Ó ń jókòó kí èèyàn. Ó ń sùn kó tó rẹ̀ ẹ́. Bàbá, ṣé ẹ ò ní àwo eré ìdárayá kan? Èyí tí dókítà ní kí ẹ máa fi gbé ẹsẹ̀ lárààárọ̀ nítorí sísanra yín?"

"Èyí tí ọkùnrin onípátá kúkúrú kan wà lára rẹ̀!" ni Káfíńtà ké. "Òun ni! Òun ni, mo rántí báyìí! Ọmọ mi! Níbo ni àwo ìdárayá wà?"

Ọmọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Àwọn tí kì í ṣe orin? Mo ti kó wọn fún ọkùnrin tó ń kó pàǹtí ní àárọ̀ yìí. Ó ní obìnrin kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ tó ń fi wọ́n ṣe ìkòkò òdòdó."

"Ìkòkò kí ni?"

"Ó ń rì wọ́n bọ omi gbígbóná, wọ́n á rọ̀, á sì ká wọn mọ́ ìdí agolo. Wọ́n rẹwà gan-an, Bàbá mi, mo ti ra—"

Kò sí ẹni tó gbọ́ ìyókù. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Màmá ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Tíṣà tẹ̀lé e, gíláàsì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Káfíńtà ní, "Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ níbí, mo kú!" Ni Dírẹ́bà àti alágbàrù ọkọ̀ bá gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé e lé ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó bẹ́ẹ̀dì, Dírẹ́bà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Bí wọ́n ṣe ya ní ìkóríta nìyẹn, ọmọlanke ń dún gbàràgbàrà, Káfíńtà di igi rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń pariwo, "Yà fún wa! Yà fún wa! Dírẹ́bà, ṣé bó o ṣe ń wa bọ́ọ̀sì nìyí?"

"Bọ́ọ̀sì kì í sanra tó yín, Bàbá!"

Lẹ́yìn ibùdókọ̀, nínú àgbàlá kan tí wọ́n fi páánù yí ká, èéfín ń rú. Ìkòkò òdòdó dúdú dúdú tò sára ògiri, etí wọn lọ́ sókè lọ́ sílẹ̀ bí etí gèlè. Obìnrin oníkòkò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada omi tó ń hó. Àpò àwo ló sì ń fi dáná! Màmá rí ọkùnrin onípátá kúkúrú náà lórí òkìtì àwọn àpò tó kù, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá já a gbà. Ọwọ́ ló kì bọ inú rẹ̀. Àpò náà ṣófo.

Ó kúnlẹ̀ sí ìdí àwọn ìkòkò, ó ń dojú wọn dé, ó ń wo ìdí wọn. Pupa. Funfun. Pupa. Ó gbójú sókè báyìí láti bi obìnrin náà, àwo mìíràn sì wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó di etí rẹ̀ kan mú, ó ti ń sọ etí kejì kalẹ̀ sínú omi. Láàárín ìka rẹ̀, búlúù.

"Dúró!"

Agogo ilé ìjọsìn kì í dún tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà gan, ó fa àwo náà sókè, omi ń kán lára rẹ̀. Àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Màmá," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rù bà á, "ṣé ìkòkò yìí ni ẹ fẹ́ rà ni?"

Etí àwo náà ní apá kan ti wọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Màmá gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tó fi ìka wọn ibi tó ti bà jẹ́. "Orin àkọ́kọ́ ti lọ. Bóyá ìkejì. Màmá, orin wo ni igbe yín wà?"

"Èyí tó gbẹ̀yìn," ló wí. "Èyí tó sún mọ́ àárín."

"Ẹ jẹ́ ká lọ! Ẹ jẹ́ ká lọ!" ni Káfíńtà ń pariwo láti orí ọmọlanke. "Kí iná ọba tó tún ṣe wá ní ti ọjọ́sí!"

Wọ́n já okùn tí ọmọ Káfíńtà fi di giramafóònù. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ nínú yàrá tó ṣófo. Dírẹ́bà nu àwo náà pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ dání. Ó fi í sí ibi tí orin ìkẹyìn ti bẹ̀rẹ̀. Àwo náà ń mì bí ọkọ̀ ojú omi, abẹ́rẹ́ ń gòkè ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀nà rẹ̀ mú. Fèrè náà jáde.

Ọmọ Káfíńtà pàápàá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Fèrè náà ń gòkè, ó ń bi ìbéèrè, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ń bínú sí ìdáhùn náà. Ìlù ń lé e. Màmá Má-dúró ti di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ó mọ ibi tó kù. Fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ń sinmi, ó ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ó dákẹ́.

Kò sí nǹkan kan.

Màmá pa ojú rẹ̀ dé. Wọ́n ti gé e kúrò. Tíṣà ti wí bẹ́ẹ̀.

*Má dúró!*

Ohùn ọmọge ni, ó mú ṣáṣá, ó jìnnà díẹ̀, ó ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wá. Ẹ̀rín ọkùnrin kan tẹ̀lé e. Kí fèrè sì tó wọlé padà, ìró mìíràn dún gbàràwàràwàrà, bí ìgbà tí wọ́n da gbogbo ife inú ilé kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onílù dá ìró náà lóhùn lójú ẹsẹ̀, ó fi igi lu páánù ìlù rẹ̀ bákan náà, fèrè sì fò jáde láàárín ìfọ́kù ife bí ẹyẹ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Nígbà tó tán, gbogbo wọn ń wò ó.

"Màmá," ni Dírẹ́bà wí, "ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ife."

"Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo nà sókè," ni Màmá wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. "Mo gbàgbé pé àwo ife wà lọ́wọ́ mi."

"Àbájọ tí wọ́n fi lé yín!"

Ẹ̀rín náà kò ṣeé dá dúró. Tíṣà jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Wọ́n tún un gbọ́. Wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn sì ké "Má dúró!" pọ̀ mọ́ ọmọge náà, ó wá di pé àwọn ará ilé kejì ń yọjú lójú fèrèsé. Káfíńtà na ọwọ́ sí Màmá láti orí páálí rẹ̀.

"Ìwọ ni," ló wí. "Ta ló tún lè fọ́ ife sórí ìlù báyìí? Dárí jì mí, Ìyá Má-dúró."

"Mo ní ẹ tà á. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀, fèrè tí kò ní adùn kankan. Ọmọ Káfíńtà sáré bọ̀ sípò. "Ó ti tó o! Ẹ jọ̀ọ́! Màmá, ẹ máa mú àwo yín, kí n di ẹ̀rọ."

Màmá gbé àwo náà. Ó fi í sínú àpò ọkùnrin onípátá kúkúrú, ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló bojú wo Tíṣà, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé tó fẹ́ dá àpárá.

"Tíṣà, ojú mélòó ni àwo ní?"

"Méjì ni."

"Mélòó la ti gbọ́?"

Tíṣà ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀kan. Ọ̀kan ọ̀hún pàápàá, kò pé."

"Kí ni òfin wí?"

"Rárá o," ni Káfíńtà wí, ó ń ju ọwọ́. "Rárá, Ìyá Má-dúró! Mi ò gbé e. Ọgbọ́n orí mi kò dá mi lójú mọ́. Mú nǹkan rẹ lọ sílé."

"Òfin ni òfin, Bàbá. Àwo tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ọ̀dọ̀ yín ló ń sùn." Ó gbé àpò náà lé e lórí itan. "Ibi tí ẹ bá lọ ló ń bá yín lọ. Ọ̀sán Sọ́ńdè tó ń bọ̀, gbogbo wa ń bọ̀ wá gbọ́ ìyókù. Gbogbo wa pátá."

Ọmọ Káfíńtà wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo àwọn ẹsẹ̀ tó kún fún eruku, ó wo ọmọlanke tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà. "Ní ilé mi?" ló béèrè.

"Bọ́ọ̀sì tèmi ló ń já sẹ́nu ọ̀nà yín, àǹtí," ni Dírẹ́bà dá a lóhùn. "Ẹ má ṣe wàhálà. Àga nìkan ni kí ẹ bá wa wá."